Òjò dídì lọ́dọ̀ tèmi, oòrùn lọ́dọ̀ tìrẹ

Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, mo dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo lórí òtútù ìlú Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àṣé ilé agbọ́n ni mo fi igi gún. Lẹ́tà yín ń dé lóríṣiríṣi, láti ọwọ́ àgbà àti ọmọdé. Mo ti ṣa mélòó kan nínú wọn. Ẹni tí n kò bá dá lóhùn lónìí, kó jọ̀wọ́ má bínú sí mi, ojú ìwé ni kò gbà á.

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù kẹjọ tó kọjá ni èmi àti ọkọ mi kó dé Hamburg, ní gúúsù Buffalo. Láìpẹ́ yìí, a jí lọ́jọ́ kan, òjò dídì ti bo mọ́tò wa mọ́lẹ̀, eríàlì rẹ̀ nìkan la rí. Mo pe àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Tonawanda, ní àríwá Buffalo, kò sì jìnnà sí wa rárá. Ó ní oòrùn ń ràn, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò bọ̀ ni. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àbí òjò yìí ń yan ènìyàn ni? — Ìyá Ìbejì, Hamburg*

Àbúrò mi, kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwọn àgbà wa ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹni tó pòwe yẹn kò tíì dé Buffalo. Òjò ibí yìí ní ọ̀rẹ́, ó sì mọ ojúlé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná kí n tó ṣàlàyé. Ní 2014, Lackawanna ni mo ń gbé, ní gúúsù ìlú bíi tiyín, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní ìhà àríwá. Ṣíìfù àárọ̀ ni tèmi. Ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, mo gbọ́ tí ààrá ń sán. Mo ní òjò gidi ló fẹ́ rọ̀, mo yí ẹ̀gbẹ́ padà, mo sùn lọ. N kò mọ̀ nígbà náà pé bí òjò dídì bá le tán, òun náà máa ń ní ààrá nínú. Ní ìdájí mo fa ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà kí n lè máa lọ síbi iṣẹ́. Inú ni ilẹ̀kùn wa ń ṣí sí, ọpẹ́ ni fún ìyẹn. N kò rí ìta. Ògiri ni mo rí. Afẹ́fẹ́ ti gbá òjò dídì jọ dé àyà mi, ó dán, ó tẹ́jú, àwòrán ilẹ̀kùn wa sì wà lára rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi òǹtẹ̀ lu ìwé: igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwọn pátákó rẹ̀, ojú ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà gbà, títí dé ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn ti wọ inú rẹ̀, tó dá ihò kékeré kan sí i bí ìkúùkù ọmọdé. Mo fi ìka gún un. Ìka mi wọlé dé ìdí, kò kan nǹkan kan.

Mo pe ọ̀gá mi. Àríwá lòun ń gbé, ní Amherst. Mo ní, “Mà, n kò lè jáde o, òjò dídì ti dí ẹnu ọ̀nà mi.” Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fa kọ́tìnnì. Ó ní, “Òjò dídì wo? Ìràwọ̀ ni mò ń wò lókè yìí.” Mo ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà náà, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pé mo sá níbi iṣẹ́. Kí n má parọ́, èyí dùn mí ju òtútù náà lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló jáde síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó kọjú sí gúúsù, ó wá rí i. Àwọn tó wà ní àríwá lọ́jọ́ náà mọ ohun tí mò ń wí. Ìkùukùu kan dúró lójú ọ̀run bí ògiri ilé alájà púpọ̀, funfun báláú, etí rẹ̀ gún régé bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Lókè orí tiwọn, ojú ọ̀run mọ́ gaara. Ó pè mí padà. Kò tọrọ àforíjì. Ohun tó kàn bi mí ni pé, “Ilẹ̀kùn rẹ ńkọ́?” Ṣùgbọ́n wọ́n pa orúkọ mi rẹ́ nínú ìwé àwọn tó sá níṣẹ́.

Ìjì náà fẹ́, ó sinmi, ó tún padà wá. Nígbà tó fi máa parí, wọ́n wọn íńṣì 88 ní Cowlesville, abúlé kan nítòsí Buffalo, ìyẹn ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Ní àwọn àdúgbò ìhà àríwá, íńṣì díẹ̀ ni wọ́n rí.

Adágún Erie ló ń ṣe é. Adágún yìí gùn tó kìlómítà 388, ó nà tàntàn láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá sí àríwá ìlà-oòrùn, orí rẹ̀ gan-an ni Buffalo jókòó sí. Ní oṣù Kọkànlá, omi rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí omi kì í tètè gbàgbé ooru bí ilẹ̀ ti ń gbàgbé rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tútù láti Kánádà bá gba orí omi yìí kọjá, ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ náà á gbóná díẹ̀, á fa omi mu, á sì gbéra sókè. Òkè tó ń lọ tutù, nítorí náà omi tó gbé á di hóró yìnyín wẹ́wẹ́, bó bá sì ti kan ilẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní ìwọ̀n tí wọ́n ń wò: bí omi adágún bá fi dígírì 13 ti Celsius gbóná ju afẹ́fẹ́ tó wà ní bíi kìlómítà kan ààbọ̀ lókè rẹ̀, kí oníkálukú lọ wá ṣọ́bìrì rẹ̀ jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà nìyí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba òòró adágún náà bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ohun tó gbé á kó ara jọ sójú kan bí ọ̀já gígùn. Ọ̀já náà lè má fẹ̀ ju kìlómítà 20 lọ. Bẹ́ ẹ bá wà nínú rẹ̀, ẹ ò ní rí ilé aládùúgbò yín. Ẹni tó jáde nínú rẹ̀ á gbé ìgò oòrùn sójú. Bí afẹ́fẹ́ bá wá fi díẹ̀ yà sí àríwá, ọ̀já náà á ṣí lọ bá Tonawanda. Bó bá yà sí gúúsù, ẹ̀yin ló ń bọ̀ wá bá. Ní oṣù Kọkànlá 2022, Hamburg tẹ́ ẹ wà yìí gba ju íńṣì 80 lọ, wọ́n sì ní láti gbé ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó yẹ kó wáyé ní Orchard Park lọ sí Detroit, bí wọ́n ti ṣe é ní 2014.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, ẹ má gbọ́ iye íńṣì nìkan. Ẹ bèèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀. Kí ẹ sì ní sùúrù fún àbúrò ọkọ yín. Ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀.

*Mà, kí là ń pe nǹkan yìí gan-an lédè wa? Àwọn kan ní yìnyín, àwọn kan ní òjò dídì, àwa ọ̀dọ́ kàn ń pè é ní sínóò. — Olùkọ́ èdè, Chicago*

Yìnyín ni èyí tó ń já bọ́ bí òkúta tó ń dún gbàgbàgbà lórí òrùlé, tàbí omi tó dì gbagidi. Èyí tó ń rọra bọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, òjò dídì ni mò ń pè é, inú Bíbélì Yorùbá ni mo ti kọ́ ọ. Sínóò náà dára, àwọn ọmọ mi kò mọ òmíràn.

Ṣùgbọ́n “òjò dídì” fẹ́ tàn wá jẹ díẹ̀. Kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ tó wá dì lójú ọ̀nà. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́, tí ojú kò rí, ló ń di yìnyín tààrà lára eruku kékeré kan, apá mẹ́fà ló sì sábà máa ń ní. Ẹ wọ ẹ̀wù dúdú, ẹ na apá síta ní ìgbà tí òtútù bá wà ní bíi dígírì 15 lábẹ́ òdo, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ìràwọ̀ ni ẹ ó rí lórí apá ẹ̀wù yín, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka. Bó bá jẹ́ dígírì 5 lábẹ́ òdo, bí abẹ́rẹ́ ló máa rí. Àgbẹ̀ kan ní Vermont, Wilson Bentley, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i yà ní fọ́tò, ní 1885. Ará Japan kan, Ukichiro Nakaya, sì ṣe é fúnra rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí ní 1936. Òun ló fi hàn pé ìwọ̀n òtútù àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń pinnu bó ṣe máa rí. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ẹ gbìyànjú ẹ̀wù dúdú yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ. Kí ẹ sọ fún wọn kí wọ́n di èémí wọn mú, torí èémí ló ń tètè yọ́ ọ.

*Sí ẹni tó ń kọ ojú ìwé yìí. Ẹ kọ ọ́ pé bí adágún Erie bá ti dì, ọkàn ará Buffalo balẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Buffalo ní oṣù Kìíní 1977. Adágún ti dì, ojú wa sì rí tó. Ẹ tún ọ̀rọ̀ yín sọ. — Bàbá àgbà kan, Rochester*

Ẹ̀yin bàbá, mo kúnlẹ̀. Ẹ jàre mi pátápátá.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí, fún àwọn tí kò tíì bí nígbà náà. Adágún Erie kò jìn. Bí a bá pín in dọ́gba, jíjìn rẹ̀ kò ju mítà 19 lọ, nítorí náà ó máa ń dì ju àwọn adágún ńlá yòókù lọ. Lọ́dún náà, òtútù yára dé, ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 1976 ni ojú omi ti dì. Bó ti dì, omi kò gbéra mọ́, ohun tí mo kọ nìyẹn, òun náà sì ni òótọ́ tí mo mọ̀. Ohun tí mo gbàgbé ni pé yìnyín fẹ̀, ó tẹ́jú, kò sí igi kan kò sí ilé kan lórí rẹ̀. Òjò dídì fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan rọ̀ sórí rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ bí ìyẹ̀fun lórí tábìlì. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 1977, ìjì dé. Ó fẹ́ tó nǹkan bíi kìlómítà 110 ní wákàtí kan, ó sì gbá gbogbo ìyẹ̀fun náà wá sáàárín ìlú.

Èyí tó rọ̀ tuntun ní pápákọ̀ òfurufú lákòókò ìjì náà kò ju bíi íńṣì 12 lọ. Ẹsẹ̀ bàtà kan! Ṣùgbọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ kó o jọ sí, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 30 láwọn ibì kan. Ènìyàn tó ju 20 lọ ló kú ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ New York. Òjò dídì tó dá ọ̀ràn náà ti rọ̀ tipẹ́, àwọn ènìyàn ti gbàgbé rẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, ẹ̀yin bàbá, adágún Ontario tó sún mọ́ yín ní Rochester kò dì bíi ti Erie. Tirẹ̀ jìn púpọ̀, bíi mítà 86 tí a bá pín in dọ́gba, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní Hooker, lórí òkè Tug Hill tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, wọ́n ka íńṣì 466.9 láàárín sáà òtútù 1976 sí 1977. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà 39. Mo ti tún ọ̀rọ̀ mi sọ, mo sì dúpẹ́.

*Mọ̀mí, ọmọ ọdún 11 ni mí. Dádì mi sọ pé òtútù lè pọ̀ débi pé òjò dídì kò ní lè rọ̀ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? — Láti Winnipeg*

Ọmọ mi, dádì rẹ kò parọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Kò sí òtútù tó lè sọ fún òjò dídì pé kó má rọ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù jẹ́ ẹni tí àpò rẹ̀ kéré. Mú àpótí afẹ́fẹ́ kan tó fi mítà kan gùn, tó fi mítà kan fẹ̀, tó sì fi mítà kan ga. Ní dígírì 30, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gbé omi tó bíi gíráàmù 30. Ní òdo, kò lè gbé tó gíráàmù 5. Bó bá wá di dígírì 20 lábẹ́ òdo, bíi gíráàmù 1 péré. Kí ló fẹ́ rí dà sílẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí òjò dídì ńlá fi sábà máa ń wá nígbà tí òtútù wà nítòsí òdo, kì í ṣe ọjọ́ tí imú rẹ ń dì. Ní ìpẹ̀kun ayé ní gúúsù, níbi tó tutù jù, òjò dídì tó ń rọ̀ lọ́dún kéré débi pé aṣálẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Yìnyín tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ sì nípọn ju kìlómítà méjì lọ! Díẹ̀díẹ̀ ló ń rọ̀, kò sì yọ́ rí. Lọ béèrè lọ́wọ́ dádì rẹ bóyá ó mọ ìyẹn.

*Ẹ kú ojú lọ́nà o. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Tokyo. Ibẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n oòrùn ń ràn. Wọ́n ti fẹ́ gbé e lọ sí Sapporo, ní àríwá Japan. Mo wo àwòrán ayé, mo rí i pé orí ìlà kan náà ni Sapporo àti Marseille wà, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Faransé. Ìyẹn kì í sábà fojú kan òjò dídì. Ṣé mo kàn ń da ara mi láàmú lórí aṣọ òtútù ni? — Ìyá Akin*

Ẹ rán aṣọ náà, mà. Kí ẹ rán ìbọ̀wọ́ méjì, ọ̀kan á sọnù.

Òótọ́ lẹ rí lórí àwòrán ayé. Sapporo, Marseille, àti Buffalo tèmi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní nǹkan bíi dígírì 43 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Oòrùn ń pín in dọ́gba fún wa. Àmọ́ oòrùn nìkan kọ́ ló ń dá ojú ọjọ́ sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí afẹ́fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá kó tó dé. Afẹ́fẹ́ tó ń dé Sapporo nígbà òtútù ń ti Siberia bọ̀, ó gbẹ, ó tutù nini, ó wá gba orí Òkun Japan kọjá. Omi yẹn kò dì. Ohun tí adágún Erie ń ṣe fún wa ni òkun náà ń ṣe fún wọn, òkun sì ju adágún lọ. Sapporo jẹ́ ìlú ènìyàn bíi mílíọ̀nù méjì, òjò dídì tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún sì ń lọ sí mítà márùn-ún. N kò mọ ìlú ńlá míì tó ń fara da irú rẹ̀, àwa ará Buffalo tí à ń fọ́nnu gan-an kò tó o.

Tokyo ńkọ́? Òkè ló gbà á. Àwọn òkè tó la àárín Japan kọjá dúró bí ògiri. Afẹ́fẹ́ gun òkè láti apá òkun, ó da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó bá fi sọ̀ kalẹ̀ sí apá Tokyo, ọwọ́ òfìfo ló fi ń bọ̀. Ní òkè Ibuki, ọjọ́ 14 oṣù Kejì 1927, wọ́n fi ọ̀pá wọn òjò dídì tó wà nílẹ̀, ó jẹ́ mítà 11.82. Ti Marseille ní tirẹ̀, òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì sábà máa ń ti orí ilẹ̀ gbígbẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá òkun. Afẹ́fẹ́ Marseille ń kọ́kọ́ dé ìlú kó tó dé òkun, ti Sapporo ń kọ́kọ́ gba orí òkun kó tó dé ìlú.

Bẹ́ ẹ bá ṣì ń rò pé ìlà orí àwòrán ayé ló ń pinnu, ẹ rántí òkè Kilimanjaro. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ olóoru, kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, yìnyín sì wà lórí rẹ̀ ní mítà 5,895. Bí ènìyàn bá ti ń gun òkè, dígírì bíi 6 àti ààbọ̀ ló ń lọ lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan.

*Ẹ̀gbọ́n, mo kó òjò dídì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Mo kó tòní, ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Kí ló yí padà? — Onímọ́tò, ìlú Erie*

Omi inú rẹ̀ ni. Mo dán an wò lọ́dún kan. Mo fi korobá tí mo fi ń nu ilẹ̀ bu òjò dídì oṣù Kìíní kún dé ẹnu, n kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo gbé e wọlé. Nígbà tó yọ́ tán, omi náà kò bo ìdí korobá dáadáa, kò tó fọ ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo tún bu ti oṣù Kẹta, èyí tó rọ̀ nígbà tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tìyẹn fún mi ní omi tó ìdá márùn-ún korobá. Àwọn tó ń wọ̀n ọ́n máa ń fojú bu íńṣì 10 òjò dídì sí íńṣì omi 1. Èyí tó ń bọ̀ láti orí adágún nígbà òtútù líle lè jẹ́ 20 sí 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìràwọ̀ tí mo sọ lókè yẹn ló ń fi apá kọ́ apá, atẹ́gùn ló sì kún àárín wọn.

Fún ẹ̀yìn yín: èyí tó wọ́pọ̀, bó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹrù bíi kìlógíráàmù 30 ló gbé sórí ilẹ̀ tó fi mítà kan gùn tó fi mítà kan fẹ̀. Ẹ ka iye rẹ̀ lójú ọ̀nà mọ́tò yín. Ẹ máa tì í, ẹ má máa gbé e, kí ẹ sì máa dúró mí. Bí àyà bá ń dùn yín, ẹ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni ọkàn ń dá àwọn ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àwọn tó lágbára lójú sì wà nínú wọn.

*Mà, bí òjò dídì bá ká mi mọ́ inú ọkọ̀ lójú pópó, ṣé kí n rìn lọ wá ìrànlọ́wọ́ ni? — Awakọ̀ ẹrù*

Rárá. Jókòó sínú ọkọ̀. Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n sọnù kò rìn jìnnà púpọ̀; nínú ìjì bẹ́ẹ̀, ogún ìṣísẹ̀ ti tó láti má rí ọkọ̀ rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó tan ẹ́ńjìnnì, sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí o di ara ọkọ̀ mú bó o ti ń lọ, kí o fi ọwọ́ gbẹ́ òjò dídì kúrò lẹ́nu sáléńsà. Bó bá dí, èéfín á padà sínú ọkọ̀, èyí tó ń pani nínú èéfín náà kò sì ní òórùn. Oorun ló ń jọ. Tan ẹ́ńjìnnì fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, ṣí fèrèsé díẹ̀ ní ìhà tí afẹ́fẹ́ kò ti ń fẹ́, kí o sì tún lọ wo sáléńsà náà. So aṣọ pupa mọ́ eríàlì. Fi aṣọ ìbora kan sínú ọkọ̀ láti oṣù Kẹwàá.

*Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ ti rí, kí ló dé tí ẹ kò kó kúrò? — Ọ̀pọ̀ nínú yín ló béèrè*

Mo mà kó o! Ẹ̀rù ọ̀já inú ìkùukùu yẹn ló lé mi. Lẹ́yìn 2014, mo ta ilé Lackawanna, mo kó lọ sí Tonawanda ní àríwá, mo ní kí gúúsù máa bá tirẹ̀ lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2022 tí Hamburg ń gba íńṣì 80, èmi náà wà lọ́dọ̀ tèmi, mò ń wo ìràwọ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ló wá mi wá. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, ìjì náà fẹ́ fún wákàtí 37 tí ẹnikẹ́ni kò rí iwájú ara rẹ̀, kò sì yan àríwá kò yan gúúsù. Ní pápákọ̀ òfurufú Buffalo, íńṣì 51.9 ló rọ̀. Ènìyàn tó ju 40 lọ ló kú ní àgbègbè wa, àwọn kan nínú mọ́tò, àwọn kan nínú ilé tiwọn tí iná ti kú. Ọkọ̀ agbẹ́mìílà gan-an kò lè rìn. Mo di ilẹ̀kùn yàrá kan ṣoṣo mọ́ra mi, mo fi aṣọ ìnura dí abẹ́ rẹ̀, mo jókòó. Bí ìjì bá sinmi díẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ tó ń tẹ̀lé e máa ń ṣe mí bákan, torí òjò dídì tuntun máa ń gbé ohùn mì. N kò gbọ́ mọ́tò, n kò gbọ́ ajá, mo ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú etí ara mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún. Ọ̀gá mi ìgbà yẹn ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti kó lọ sí Arizona, n kò gbúròó rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Kò kí mi. Ó ní, “Ilẹ̀kùn rẹ ńkọ́?”